Àpótí Mọ́kànlélógún Tí Kò Ní Alága

Obìnrin kan wà ní Ìkọ̀lé tó jẹ́ pé orí òrùlé lẹ ó ti kọ́kọ́ wá a kẹ́ ẹ tó wá a dé ilé. Wòsílátù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ó sanra níwọ̀nba, kò ga, ohùn rẹ̀ sì tinrín débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí fóònù á rò pé ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ láti Ìkọ̀lé dé Ìrèlé, ẹ yà sí Àsin, ẹ kọjá sí Ìfisìn, kò sí ilé kan tí wọn kò ti mọ ohùn yẹn. Kì í ṣe pé ó lówó, kò sì joyè. Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e káàkiri.

Inú ìsọ̀ rédíò ni wọ́n bí i sí, ká kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tún rédíò ṣe létí ọ̀nà, láyé ìgbà tí rédíò ṣì ń jọba nínú ilé. Ọmọ mẹ́fà ló bí, márùn-ún nínú wọn kò sì fẹ́ fojú kan irin tó ń gbóná. Wòsílátù nìkan ló máa ń jókòó tì í, tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, tó ń bi í ní ìbéèrè títí yóò fi sú u. Àwọn ẹbí pariwo títí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Bàbá náà dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Uṣẹ́ rẹ̀ rè é." Bó ṣe lọ sílé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe nìyẹn, tó gbàwé ẹ̀rí, tó sì fi ọdún mọ́kànlá gun másìtì, àwọn òpó gíga tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́, fún ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ló padà wálé. Ó ṣí ìsọ̀ náà, ó gbá a, ó jókòó síbẹ̀.

Ohun tó bá nílé kò dùn mọ́ ọn rárá. Ọmọ gbogbo ilé ló wà l'Ékòó, n'Íbàdàn, àti lókè òkun, ṣùgbọ́n òbí tó wà nílé kò lè gbọ́ ohùn wọn dáadáa lórí fóònù. Ìyá Oyèwọlé l'Ásìn, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, ní odó kan tó dojú rẹ̀ dé lẹ́yìn ilé ìdáná. Orí odó yẹn ló máa ń gùn bó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, á na fóònù sókè, á máa pariwo bí ẹni ń lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì. Ọjọ́ tí Wòsílátù fojú ara rẹ̀ rí i, inú bí i. Ó ní irú ìyà wo nìyẹn? Àgbàlagbà tó yẹ kó jókòó sórí àga, kó máa gbádùn ọmọ rẹ̀!

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ló gbé àpótí àkọ́kọ́ sórí ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Àpótí la máa ń pè é, ẹ̀rọ kékeré aláìlókùn ni, kò tóbi ju ìwé Bíbélì lọ, sólà ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ó gbé èkejì sórí ilé Bàbá Ògúnníyì, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ Alájọlò ni wọ́n pè é. Ẹ̀kẹta dé Ìrèlé, ẹ̀kẹrin dé Àsin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi di mọ́kànlélógún, ilé kọ̀ọ̀kan àpótí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde láti Ìfisìn á bọ́ sọ́wọ́ àpótí tó wà nítòsí rẹ̀, ìyẹn á gbé e fún èyí tó tẹ̀lé e, títí yóò fi dé orí ìsọ̀ n'Íkọ̀lé, níbi tí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an wà. Ìyá Oyèwọlé sọ̀ kalẹ̀ lórí odó. Ó ń rí ojú ọmọ rẹ̀ àti ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń rí tirẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mọ́ Wòsílátù jù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn àpótí yìí ní lórí afẹ́fẹ́. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bà jẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó jókòó sáàárín tó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí tó bá ní ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ tẹ́tí. Bí kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí èyí tó jìnnà ń sọ yékéyéké, á gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, á sì dákẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wá pa rọ́rọ́, kò ní fò sọ́rọ̀. Á mú iye kan nínú ara rẹ̀, iye tí ẹnikẹ́ni kò bá a mú, tí òun gan-an kò sì yàn, bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ni, á wá máa kà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á tán ni yóò sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù á dá kíkà dúró, á di ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó máa ka èyí tó kù, nítorí náà, ẹni tó ti dúró pẹ́ kò ní jìnnà sí ojú ọ̀nà mọ́. Bí méjì bá ṣèèṣì pàdé, wọ́n á mọ̀, nítorí kò ní sí ẹni tó dá wọn lóhùn pé òun ti gbọ́. Kálukú wọn á lọ mú iye mìíràn, á sì mú un láti inú èyí tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí wọ́n má baà tún pàdé.

Kò sí alága, kò sí akọ̀wé, kò sí ẹni tó ń lu aago. Síbẹ̀ gbogbo wọn ń rí àyè. Wòsílátù máa ń dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, á wo àwọn òpó tó gbé àpótí dúró lórí ilé, orí rẹ̀ á wú. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ńlá ti wá láti Adó àti Ìbàdàn wá wo iṣẹ́ náà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ó dáa. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé òun mọ̀ pé ó dáa.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, inú ìpàdé ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ògúnníyì ń ṣe àlàyé iṣẹ́ ẹgbẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì fẹ́ kó yé wọn dáadáa.

"Wòsí," ó ní, "ta ni olórí àwọn àpótí yìí?"

Wòsílátù ní kò sí o, Bàbá.

"Kò sí báwo? Ta ní ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tí iye tó kéré bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni, sà. Ó lè jẹ́ tiyín, ó lè jẹ́ ti Tèmítáyọ̀."

Tèmítáyọ̀ ló kéré jù lọ nínú ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, epo ló ń fọ̀ n'Ífisìn, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì láti ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ojú yí sí i. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Bàbá Ògúnníyì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí àpótí tèmi dúró de ti ọmọ yìí? Èmi tí mo kọ́ ọ ní ùwé? Ulé wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn ya á lẹ́nu gidi ni. Ó sì ya àwọn àgbà yòókù náà lẹ́nu. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń lo nǹkan yìí, wọn kò mọ̀ pé àwọn ọmọdé ń ṣíwájú wọn lórí afẹ́fẹ́! Wọ́n fẹnu kò pé kí Wòsílátù tò ó bí ọjọ́ orí bá ṣe tẹ̀lé ara wọn. Kí alága ka ení péré kó tó sọ̀rọ̀, kí ẹni tó tẹ̀lé e ka èjì, kí Tèmítáyọ̀ wà nídìí pátápátá. Kí a má sì ka èyí tó kù mọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ṣe ń rí ọ̀nà já àgbà sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dákẹ́, kí kálukú bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bá Wòsílátù wí. Ta ni wọ́n kọ́ nílé lápá ibí yìí tí yóò dìde dúró láàárín àgbà, tí yóò ní kí àpótí alága máa dúró de ti ọmọ àná? Ó kúnlẹ̀, ó ní ó ti yé òun, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá.

Ibì kan ṣoṣo ló ti ní ìṣòro nínú títò náà. Bàbá Adétúnjí ní Ìrèlé àti Ìyá Oyèwọlé l'Ásìn, ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ìyá Oyèwọlé ní ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè ni wọ́n bí òun. Bàbá Adétúnjí ní ìgbà iṣu tuntun ni tòun, pé ebè tí obìnrin yẹn ń wí, ebè ọdún kejì ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó gbà kí ẹnì kejì ṣe ẹ̀gbọ́n òun. Wòsílátù rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀rin. Ẹ̀rin Ìrèlé, ẹ̀rin Àsin. Inú àwọn méjèèjì dùn, wọ́n súre fún un, òun náà sì ń fi ara rẹ̀ yangàn pé òun parí ìjà àádọ́rin ọdún lójú ẹsẹ̀. Inú àpótí gan-an ni wọ́n ti ń yí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà, wáyà ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ nídìí, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin ló fi gun òrùlé mọ́kànlélógún. Ó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí gbogbo nǹkan fi dẹnu kọlẹ̀.

Fídíò Ìyá Oyèwọlé ń dúró gbagidi, ẹnu ọmọ rẹ̀ á ṣí, kò ní pa dé. Àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá Adétúnjí kò rí bọ́ọ̀lù wò. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà kò tiẹ̀ rí nǹkan kan rárá. Tèmítáyọ̀ jókòó ti fóònù rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ìdánwò kan lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Wòsílátù gun òrùlé títí orúnkún rẹ̀ fi wú. Ó nu sólà, ó gé imọ̀ ọ̀pẹ tó ń fara kan òpó, ó lé ìkamùdù kúrò nínú àpótí kan. Pàbó ló ń já sí.

Ìgbà yẹn ni Bánkọ́lé dé. Ọmọ Bàbá Ògúnníyì ni, Èkó ló ń gbé, ó sì ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yóò dúró sáàárín, yóò máa pe àwọn yòókù ní orúkọ, ẹni tí kò bá pè kò gbọdọ̀ lanu. Ó ní wọ́n á tú gbogbo àpótí Wòsílátù kalẹ̀, Èkó ni wọ́n á sì ti máa bójú tó èyí tuntun náà. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó kàn fẹ́ kí bàbá òun gbádùn ni. Alága ní ó dáa, kí gbogbo ẹgbẹ́ pàdé ní Sátidé, kí wọ́n nàwọ́ sí i, ibi tí ọwọ́ bá pọ̀ sí náà ni wọ́n á ṣe.

Wòsílátù gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́jọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tú palẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá tú u, kò ní sí ẹni tí yóò rántí pé ó ṣiṣẹ́ rí. Ohun tí wọ́n á máa sọ ni pé ọmọ onírédíò ṣe nǹkan kan, nǹkan náà bà jẹ́, àwọn ará Èkó ló wá gbà wá.

Ọjọ́ Tọ́sìdé ló gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn Àsin, lórí àpáta kan tó ga níbẹ̀, ó jókòó sábẹ́ òòrùn, kò tún ohunkóhun ṣe, ó kàn ń gbọ́ afẹ́fẹ́. Ohun tí àwọn àpótí ń sọ ń tò lójú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní ìlà ìlà. Ó rí i pé ẹ̀rin Ìrèlé sọ̀rọ̀, ẹ̀rin Àsin sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ dàrú, àwọn méjèèjì dákẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ pọ̀. Wọ́n tún dákẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Wọ́n tún kọlu ara wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ń ka márùn-ún, wọ́n ń ka mẹ́wàá, wọn kì í dé ibì kankan kí àwọn ẹ̀rin méjèèjì tó tún bú sẹ́nu. Wòsílátù wò ó títí, ẹ̀rín pa á. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í, ó fi ọwọ́ bojú lórí àpáta tí kò sí ẹnikẹ́ni. Kò sí kòkòrò, kò sí ọ̀pẹ. Ọwọ́ òun gan-an ló ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, nítorí kó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ni yóò ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnì kejì.

Ó mọ oògùn rẹ̀. Kí ó dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe ní bòńkẹ́lẹ́, nítorí òrùlé ni wọ́n ń gùn, gbogbo ayé ló ń rí ẹni tó bá wà lórí òrùlé. Àfi kó sọ ọ́ lójú àwọn àgbà pé àpótí wọn gbọ́dọ̀ padà máa dúró de tàwọn ọmọdé. Ní alẹ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó bẹ Tèmítáyọ̀ lórí fóònù pé kó bá òun gbé agbọ̀n èkùrọ́ kan wá sí ìpàdé.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti pé sí kíláàsì kan n'Íkọ̀lé, àwọn mọ́kànlélógún. Bánkọ́lé lẹ àwòrán ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wòsílátù wá dìde.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo mọ ohun tó ba nǹkan wa jẹ́. Èmi ni. Èmi ni mo bà á jẹ́, ní oṣù kìn-ín-ní. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó nàwọ́, ẹ bá mi ṣe eré kan. Ẹ di ojú yín. Àwọn àpótí yìí kò ríran, etí nìkan ni wọ́n ní."

Ó ṣàlàyé eré náà. Kí kálukú ní iye tó fún àpótí rẹ̀ lọ́kàn. Bí ilé bá ti dákẹ́, kó rọra kà á sínú, kó sì kí ilé. Bí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n di ojú. Àwọn bàbá kan fa fìlà bo ojú.

"Èmi Ògúnníyì, mo kí yín o," alága sọ.

Ilé dákẹ́. Bàbá ka ení. "Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kú ùpàdé o."

Ilé tún dákẹ́. Bàbá tún ka ení. "Ní ùgbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀..."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ní apá ẹ̀yìn. Ẹni tó ń ka èjì kò tíì dé èjì láti àárọ̀. Wòsílátù ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ti sùn nílé yín." Bàbá ní ó dáa, òun ti sùn. Àwọn méjì tó tẹ̀lé e kí ilé tán, wọ́n ní àwọn náà ti sùn. Ó wá kan ẹ̀rin.

"Èmi Adé—" "Èmi Ìyá Oyè—"

Wọ́n jọ dákẹ́. Ilé pa rọ́rọ́. "Èmi Adé—" "Èmi Ìyá—"

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, Adétúnjí!"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ délẹ̀ ayé!"

"Urọ́ ni! Urọ́ ńlá!"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Wòsílátù ní kí wọ́n máa bá eré lọ, ní iye wọn, ẹ̀rin, ẹ̀rin. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n pàdé. Nígbà ìkeje, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wọn jókòó nínú òkùnkùn ojú wọn, wọ́n ń gbọ́ bí nǹkan wọn ṣe bà jẹ́. Tèmítáyọ̀, tó ń ka ogún, kò ka kọjá ẹ̀rin rí.

Wòsílátù gbé agbọ̀n èkùrọ́ káàkiri. Ó ní kí kálukú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó bu ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kó má ṣà á. Iye yẹn ni kó máa kà. Bí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀, kó dúró, kó tó máa ka èyí tó kù. Bí méjì bá kọlu ara wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bu òmíràn. Òun náà bu tirẹ̀, wọ́n tún di ojú.

"Èmi Tèmítáyọ̀ láti Ìfisìn, mo kí gbogbo ilé."

Èkùrọ́ méjì péré ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, ó dún dé ògiri. Bàbá Adétúnjí tẹ̀lé e. Ìyá Oyèwọlé àti ìyàwó pásítọ̀ kan kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bu òmíràn, wọ́n sì yà fún ara wọn. Ohùn ń jáde láti igun yìí, ó ń jáde láti igun tọ̀hún, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì pe ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, ogún ti sọ̀rọ̀.

Alága nìkan ló kù. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, èkùrọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló bù. Gbogbo ilé ń gbọ́ bó ṣe ń ju èkùrọ́ náà padà sínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti fi alága sí ìkẹyìn lójú gbogbo ẹgbẹ́, lójú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó rò ó pé ó tán.

"Èmi Ògúnníyì," bàbá sọ níkẹyìn, "mo kí yín."

Ó la ojú. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. "Ta ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì yìí?"

Tèmítáyọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Dìde." Bàbá wò ó pẹ́. "Mo kọ́ ọ ní ùwé fún ọdún kan gbáko, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ùdí rẹ́jísítà ni orúkọ rẹ wà. Láti òkè ni mo ti máa ń pè wọ́n kí wọ́n wá kàwé fún mi, aago á sì lù kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ."



"Bàbá," Bánkọ́lé bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, "ẹ̀rọ tiwa máa ń pe gbogbo èèyàn tán..."

"Bánkọ́lé, ọmọ mi, mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Èmi ni. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi jẹ́ ẹ." Ó yíjú sí ilé. "Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n tú àpótí Wòsí kalẹ̀, kó nàwọ́."

Kò sí ọwọ́ kan. Bánkọ́lé wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀, ó fi í síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ kó dúró nàwọ́, Ìyá Oyèwọlé na méjèèjì, Bàbá Adétúnjí sì na tirẹ̀ méjèèjì kí obìnrin yẹn má baà borí òun. Wòsílátù dìde láti dúpẹ́. "Àlùhámúdù lílàhì" nìkan ló rí sọ, ó sì jókòó pẹ̀sẹ̀.

Bàbá Ògúnníyì kò jẹ́ kó jókòó pẹ́. Ó ní ọ̀dọ̀ òun ni kó ti bẹ̀rẹ̀, lónìí, lọ́sàn-án yìí. Àkàbà ilé bàbá ti gbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, nítorí náà nígbà tí Wòsílátù gùn ún, bàbá tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin fúnra rẹ̀ ló di í mú nísàlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó gbójú sókè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tíṣà bíi tirẹ̀, ń kọjá lọ sí ilé, ó dúró, ẹnu yà á.

"Ọ̀gá-àgbà! Ta ni ẹ ń bá di àkàbà mú?"

Bàbá Ògúnníyì kò yíjú padà.

"Ọ̀gá mi ni," ó ní. "Má bá mi sọ̀rọ̀, kí àkàbà má baà yẹ̀."